Èrìgì Kò Mọ̀ Pé A Ń Fọ Ẹnu

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí bẹ̀rẹ̀ láti inú ìmọ̀ fònẹ́tíìkì, ṣùgbọ́n kò parí síbẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ka Yorùbá ní ilé-ẹ̀kọ́ girama, ẹ ó rántí bí a ṣe ń pín àwọn kọ́ńsónáǹtì sí ìsọ̀rí nípa ibi tí a ti ń pè wọ́n: /b/ àti /m/ jẹ́ afèjì-ètè-pè, /f/ jẹ́ afeyínfètèpè, /t, d, s, n, l, r/ sì jẹ́ afèrìgìpè. Irú àwọn orúkọ wọ̀nyí jẹ́ ara iṣẹ́ ribiribi tí àwọn àgbà wa ṣe nígbà tí wọ́n ń wá ọ̀rọ̀ tí a ó fi máa kọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè ní Yorùbá, iṣẹ́ tí apá kìíní ìwé rẹ̀ jáde ní 1984 lábẹ́ àbójútó Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé, tí apá kejì sì jáde ní 1990 lábẹ́ àbójútó Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládélé Awóbùlúyì.

Bí ẹ bá fi ahọ́n kan òkè ẹnu yín, lẹ́yìn eyín iwájú gan-an, ẹ ó kan ibì kan tó ga bí ebè kékeré. Ibẹ̀ ni ahọ́n ń lọ nígbà tí a bá ń pe /d/ tàbí /l/. Egungun ló wà níbẹ̀. Ẹran kàn bò ó ni. Ibẹ̀ ni àwa onímọ̀ ẹ̀dá-èdè ń pè ní èrìgì. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá bẹ ìyá arúgbó kan ní ọjà Ifẹ̀ pé kí ó fi èrìgì rẹ̀ hàn yín, kò ní tọ́ka sí ibẹ̀ rárá. Ètè ìsàlẹ̀ ni yóò fà sílẹ̀, tí yóò sì fi ẹran tó yí ìdí eyín ká hàn yín. Èrìgì tirẹ̀ nìyẹn. Òun náà sì ni èrìgì tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, nítorí pé tèmi ń sún sẹ́yìn.

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni tó rò ó: n kì í ṣe ọ̀bùn. Láti kékeré ni mo ti ń fọ ẹnu láàárọ̀ àti lálẹ́. Búrọ́ọ̀ṣì onírun rírọ̀ ni mò ń lò, mo sì ń pààrọ̀ rẹ̀ lóṣù mẹ́ta-mẹ́ta. N kì í mu sìgá, n kì í fi áṣáà sẹ́nu, obì kì í sì í kọjá ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ìyẹn bí àlejò bá wá. Síbẹ̀, ní àárọ̀ ọjọ́ ọyẹ́ kan, omi tí mo fi ń yọ ẹnu ta gìrì wọ inú eyín mi kan nísàlẹ̀ lápá òsì, bí ẹni pé wọ́n fi abẹ́rẹ́ gún mi dé àgbọ̀n. Mo wo dígí. Eyín náà gùn ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, ìdí rẹ̀ sì ní àwọ̀ ìyeyè díẹ̀, kò funfun bí orí rẹ̀.

Eyín àgbàlagbà kì í ṣàdédé gùn. Ẹ wo igi tó dúró létí òpópó tí àgbàrá ń gbá ìdí rẹ̀ lọ́dọọdún. Ẹni tó bá padà dé lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá yóò ní igi náà ti ga, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ló lọ, gbòǹgbò ló yọ. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ti eyín. Ohun líle funfun tó bo orí eyín kò dé ara gbòǹgbò. Gbòǹgbò rọ̀ jù ú lọ, ó sì ní ọ̀nà tíntìntín tí òtútù ń gbà dé ibi tí iṣan wà. Ìdí nìyí tí omi tútù fi ń ta á, tí ọsàn wẹ́wẹ́ sì fi ń kan án.

Láàrin àwa Yorùbá, ọ̀rọ̀ ẹnu fífọ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìmọ́tótó nìkan, ọ̀rọ̀ ìwà ni. Ọmọlúàbí kì í bá àgbà sọ̀rọ̀ láàárọ̀ kí ó tó fọ ẹnu. A tilẹ̀ gbà pé ọ̀rọ̀ tí a fi ẹnu àìfọ̀ sọ ní agbára tirẹ̀, èyí tí ó jẹ́ pé bí àgbàlagbà kan bá bínú sí ọ ní ìdájí, ohun àkọ́kọ́ tí wọn yóò béèrè ni pé ṣé ó ti fọ ẹnu. Nítorí náà, ẹni tí eyín rẹ̀ bá ń lọ, ìwà rẹ̀ ni aráyé kọ́kọ́ máa ń wò. Wọ́n á ní kò mọ ara tọ́jú.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ìyá mi nìyẹn. Ọmọ Ìpetumodu ni wọ́n, wọ́n sì ti dolóògbé. Kò sí òwúrọ̀ kan tí mo jí nílé wa tí n kò bá wọn lẹ́yìnkùlé pẹ̀lú orín ata lẹ́nu. Bí a bá dọ̀bálẹ̀ kí wọn, imú ni wọ́n fi ń dáhùn, "ùn-ún, ùn-ún," títí wọn yóò fi tu itọ́ ìkẹyìn, tí wọn yóò sì yọ ẹnu tán. Síbẹ̀, kí wọ́n tó pé ọgọ́ta ọdún, mẹ́rin nínú eyín iwájú wọn nísàlẹ̀ ti lọ. Àwọn eyín náà kò ní ihò, wọn kò sì dúdú. Wọ́n kàn ń gùn sí i ni, wọ́n ń mì, wọ́n sì ń bọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Obìnrin kan tí wọ́n jọ ń tajà sọ ọ́ létí wọn pé ẹnu tí a kò fọ̀ dénú ni eyín ń sá kúrò nínú rẹ̀. Láti ìgbà náà, ìyá mi kì í rẹ́rìn-ín láìfi etí ìborùn bo ẹnu. Àwòrán ọjọ́ ìgboyè mi ṣì wà lára ògiri ọ́fíìsì mi. Gbogbo wa ni a ń rẹ́rìn-ín nínú rẹ̀. Ọwọ́ ìyá mi wà lẹ́nu wọn.

Mo mú ẹ̀rù àwòrán yẹn lọ sọ́dọ̀ dókítà eyín. Obìnrin ni, ọjọ́ orí rẹ̀ kò tíì tó tèmi. Mo ti múra láti rojọ́, láti ka gbogbo àṣà ìmọ́tótó mi fún un bí ẹni tó ń jẹ́jọ̀ọ́ ní kóòtù, ṣùgbọ́n kò bi mí. Ó mú irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí wọ́n fín ìlà òǹkà sí lára, ó ń fi wọn ìdí eyín kọ̀ọ̀kan, ó sì ń pe òǹkà fún ẹni tó ń bá a kọ ọ́ sílẹ̀: méjì, ọ̀kan, mẹ́ta, mẹ́ta ààbọ̀. Mílímítà ni. Nígbà tó parí, ó ní, "Ẹnu yín mọ́, sà. Ẹ̀jẹ̀ kò tilẹ̀ jáde. Ẹ má bínú o, ṣé bàbá yín tàbí ìyá yín ní irú eyín báyìí?"

Ó pẹ́ díẹ̀ kí n tó lè dá a lóhùn.

Lẹ́yìn náà ló ṣe ohun kan tí n kò rí rí. Ó rọra ti irin náà bọ inú àlàfo kékeré tó wà láàrin èrìgì àti eyín, ó sì gbé dígí fún mi. Mo rí irin náà gba inú ẹran mi bí ìgbà tí ènìyàn bá rí ọwọ́ gba inú aṣọ ṣẹ́ẹ̀tì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ó ní ọ̀nà tí wọ́n fi ń mọ èrìgì tó fẹ́lẹ́ nìyẹn. Bí èrìgì bá nípọn, irin kò ní hàn. Lábẹ́ èrìgì tó fẹ́lẹ́, egungun tó wà níwájú gbòǹgbò eyín a máa fẹ́lẹ́ bákan náà; nígbà mìíràn kò tilẹ̀ sí egungun kankan níbẹ̀. Eyín tó bá sì yọ síwájú díẹ̀ ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ ni ó máa ń fara gbá a jù, nítorí pé ẹran kò lè dúró pẹ́ níbi tí egungun kò bá gbé e ró. Irú ẹnu tí a bí mi pẹ̀lú rẹ̀ nìyí. Ìyá mi ló fún mi, bí wọ́n ti fún mi ní imú.

Ìwà akadá kò jẹ́ kí n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mo lọ kàwé. Ìwádìí tó wù mí jù ni èyí tí Harald Löe àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní 1992. Löe yìí kan náà ni ó ti ní kí àwọn ènìyàn 12 ní Aarhus, ní Denmark, jáwọ́ nínú ẹnu fífọ̀, tí èrìgì gbogbo wọn sì wú láàrin ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré. 1965 ni ó tẹ ìyẹn jáde. Nígbà tí wọ́n padà sí ẹnu fífọ̀, èrìgì wọn san. Nítorí náà, kì í ṣe ẹni tí ẹnikẹ́ni lè sọ pé ó fojú tẹ́ńbẹ́lú ìmọ́tótó. Nínú ìwádìí ti 1992, ọ̀nà méjì ni wọ́n pín àwọn ọkùnrin tí wọ́n tẹ̀ lé fún nǹkan bí ogún ọdún sí. Àwọn kan jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ àti olùkọ́ yunifásítì ní Nọ́wè, tí wọ́n ń fọ ẹnu déédéé, tí wọ́n sì ń rí dókítà eyín. Àwọn kejì jẹ́ òṣìṣẹ́ oko tíì ní Sri Lanka, tí wọn kò mọ búrọ́ọ̀ṣì.

Ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n rí. Nínú àwọn ọmọwé Nọ́wè tó jẹ́ ẹni ogún ọdún péré, ó lé ní 60 nínú 100 tí èrìgì wọn ti ń sún. Nígbà tí wọ́n fi pé àádọ́ta ọdún, ó lé ní 90. Olùkọ́ yunifásítì bíi tèmi, tí ń fọ ẹnu bíi tèmi! Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo kà á, n kò sì fi ọwọ́ bo ẹnu. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ kan wà tí a kò gbọ́dọ̀ fò dá. Ẹ̀gbẹ́ ìta eyín, lápá ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti ètè, ni tiwọn wà. Ti àwọn òṣìṣẹ́ oko tíì yí gbogbo ìdí eyín ká, títí kan àárín eyín sí eyín, nítorí pé àrùn ni ó jẹ ẹ́: ìdọ̀tí tó lẹ̀ mọ́ eyín, tó dì bí òkúta, tí àwọn kòkòrò àìfojúrí fi ṣe ilé. Ìlú kan náà ni wọ́n dé, ọ̀nà tí wọ́n gbà débẹ̀ kò pọ̀.

Àwọn tó ń fọ ẹnu bí ẹni ń fọ ìkòkò ọbẹ̀ tó jóná wà o. Àṣejù baba àṣetẹ́. Búrọ́ọ̀ṣì líle àti ọwọ́ líle lè lé èrìgì sẹ́yìn. Ẹ máa rántí pé 1938 ni búrọ́ọ̀ṣì onírun náílọ́ọ̀nù dé ọjà, irun ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n ń lò ṣáájú ìgbà náà, àwọn náílọ́ọ̀nù àkọ́kọ́ sì le gan-an. Ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ dókítà eyín ń kọ́ni títí di òní, pé kí a dẹ búrọ́ọ̀ṣì sí ibi tí eyín àti èrìgì ti pàdé, kí a sì máa mì ín jẹ́jẹ́, Charles C. Bass ti ìlú New Orleans ni ó kọ ọ́ jáde ní 1954, kì í tilẹ̀ í ṣe dókítà eyín. Áṣáà tí àwọn kan ń kó sábẹ́ ètè náà ń jẹ èrìgì ibi tó bá bà lé. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn onímọ̀ kan kó gbogbo ìwádìí lórí búrọ́ọ̀ṣì àti èrìgì tó ń sún jọ ní 2007, ohun tí wọ́n rí ni pé ẹ̀rí náà kò kún tó láti dá búrọ́ọ̀ṣì lẹ́bi nìkan. Èmi gbà pẹ̀lú wọn. Ó ti rọrùn jù láti rí ẹni tí èrìgì rẹ̀ ń lọ kí a sì sọ pé ọwọ́ rẹ̀ ló le.

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ti ń sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ pé, "Pákò ni kí ó padà sí." Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, mo fẹ́ràn pákò. Ní Yunifásítì Ifẹ̀ níbí, kí wọ́n tó yí orúkọ rẹ̀ padà ní 1987, Ọ̀jọ̀gbọ́n Abáyọ̀mí Ṣófowórà àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn nínú ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1971 pé omi ara àwọn orín wa ń pa kòkòrò àìfojúrí. Orín ata, orín ìyá mi, wà lára àwọn tí wọ́n yẹ̀ wò. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ṣàkíyèsí pé omi orín ata kò jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fi ń ṣe àyẹ̀wò pàdánù àwọ̀ pupa rẹ̀, èyí tó sún wọn dé orí ìwádìí lórí àrùn fòníkúfọ̀ladìde. Ìgi tí ìyá mi ń rún lẹ́yìnkùlé di ohun tí ayé ń kà nínú ìwé ìṣègùn. Kò sí ọmọ Ifẹ̀ tí kò yẹ kí ó mọ ìtàn yìí, ó sì ń dùn mí pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọjá lójoojúmọ́ nínú ọgbà kò gbọ́ ọ rí.

Ṣùgbọ́n kí orín pa kòkòrò kò ní kí ó fún èrìgì ní ìpọn. Àwọn oníṣègùn eyín ní Saudi Arabia fi àwọn tó ń lo pákò tiwọn wé àwọn tó ń lo búrọ́ọ̀ṣì nínú ìwádìí kan ní 1991, àwọn onípákò ni èrìgì wọn sún jù. Pákò kì í ṣe oògùn ohun tó ń ṣe mí, búrọ́ọ̀ṣì kò sì ṣe é.

Ó tún kan ọ̀rọ̀ ogún ìdílé. Ní 2000, wọ́n yẹ ẹnu àwọn ìbejì 117 orí méjì-méjì wò ní Amẹ́ríkà (bí wọ́n bá béèrè lọ́wọ́ mi ni, Igbó-Ọrà ni ǹ bá ní kí wọ́n wá), wọ́n sì rí i pé nǹkan bí ìdajì ìyàtọ̀ tó wà láàrin ènìyàn sí ènìyàn nípa àrùn èrìgì gan-an, èyí tí ń mú eyín mì, jẹ́ àjogúnbá. Wọ́n ti yọ ti sìgá àti ìtọ́jú kúrò kí wọ́n tó sọ bẹ́ẹ̀. Mo ka gbólóhùn yẹn ní ẹ̀ẹ̀mejì. Ó ṣe mí bíi pé kí n gbé e lọ sí ọjà tí ìyá mi ti ń tajà, kí n kà á sókè.

Èrìgì tó bá ti lọ kì í padà hù fúnra rẹ̀. Ohun tí dókítà lè ṣe ni pé kí ó gé ẹran díẹ̀ láti àjà ẹnu, kí ó fi bo gbòǹgbò tó yọ, kí ó sì rán an mọ́ èrìgì. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà gé ẹran náà lábẹ́ awọ àjà, Langer àti Langer ni wọ́n kọ nípa rẹ̀ ní 1985. Nígbà tí dókítà mi ṣàlàyé rẹ̀, mo bú sẹ́rìn-ín, kò sì mọ ìdí. Àjà àti èrìgì! Ọdún mélòó ni mo ti fi ń kọ́ àwọn ọmọ pé /j/ àti /ṣ/ jẹ́ afàjàfèrìgìpè? Èmi náà yóò wá di afàjàfèrìgìrán. Ó ní eyín kan ṣoṣo, èyí tó ti di mẹ́ta ààbọ̀, ni ó nílò rẹ̀. Kí a máa wọn àwọn yòókù lóṣù mẹ́fà-mẹ́fà. A ti wọ̀n wọ́n lẹ́ẹ̀mẹta báyìí, wọn kò kúrò lójú kan. Iṣẹ́ abẹ náà, a ti fi sí ìgbà ìsinmi gígùn, nítorí pé olùkọ́ fònẹ́tíìkì tí ọgbẹ́ wà ní àjà rẹ̀ kò lè pe /ṣ/ fún ẹnikẹ́ni gbọ́.

Ohun tó gbà mí lọ́kàn ju eyín tèmi lọ ni ti ọmọbìnrin mi, ẹni ọdún mẹ́rìnlá. Eyín rẹ̀ ìsàlẹ̀ gun ara wọn, wọ́n sì fẹ́ fi wáyà tò wọ́n. Mo ní kí dókítà kọ́kọ́ fi irin náà wo èrìgì rẹ̀. Irin hàn gba inú ẹran. Bí wọ́n bá ti eyín irú ẹnu bẹ́ẹ̀ síwájú jù, ó lè jáde kúrò nínú egungun tó gbé e dúró, èrìgì yóò sì tẹ̀ lé e. Nítorí náà, wọn yóò rọra tò ó, wọn kò ní tì í síwájú, wọn yóò sì máa ṣọ́ ọ. Lálẹ́ ọjọ́ náà, mo gbé àwòrán ìgboyè náà wálé láti ọ́fíìsì, mo fi ìyá àgbà hàn án, mo sì sọ ìdí tí ọwọ́ wọn fi wà lẹ́nu. Ó wò ó títí. Ó ní, "Dádì, ẹnikẹ́ni kò sọ fún wọn?" Mo ní ẹnikẹ́ni kò mọ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀ orúkọ, èyí tó jẹ́ iṣẹ́ mi. A ní orúkọ fún eyín tó kẹ̀, a ní fún eyín tó ká, a sì ní èjí fún àlàfo àárín eyín iwájú, tí a tilẹ̀ ń fi yangàn, tí àwọn mìíràn sì ń pa á. Fún èyí tí mò ń wí, n kò tíì rí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. "Ìsúnsẹ́yìn èrìgì" ni mò ń lò nínú ìwé àkọsílẹ̀ mi, ó tọ̀nà, ṣùgbọ́n kò dùn lẹ́nu. Ìyá mi kì í pè é bẹ́ẹ̀. Wọ́n a ní eyín àwọn "ń jáde nílé." Ẹni tó bá ti gbọ́ orúkọ mìíràn fún un ní Èkìtì, ní Oǹdó, ní Ìjẹ̀bú tàbí ní Kétu, kí ó jọ̀wọ́ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi, pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀, mo bẹ̀ yín.